Bí A Ṣe Ń Gé Ọ̀rọ̀ Gígùn Lédè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Marks Gate, àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ má bẹ̀rù ọ̀rọ̀ gígùn. Ọmọ tó bá ń fo ọ̀rọ̀ gígùn nígbà tó ń kàwé ní kíláàsì kò ní mọ ohun tí ìwé náà ń sọ. Àwọn ẹlòmíì á sì máa pè é ní olódo, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe olódo. Ọ̀nà méjì la fi ń gé ọ̀rọ̀. Ẹ má pa wọ́n pọ̀ o.

1. Gígé fún ẹnu

Èyí ni sílébù. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: A-bẹ́-ò-kú-ta, márùn-ún. Gẹ̀ẹ́sì máa ń to kọ́ńsónáǹtì léra. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sílébù kan ni "bread". Àwa la sọ ọ́ di bú-rẹ́-dì, mẹ́ta. "Strength" ní lẹ́tà 8, sílébù kan péré ni. "Area" ní lẹ́tà 4, sílébù mẹ́ta ni: a-re-a. Ohùn ni kí ẹ kà, ẹ má ka lẹ́tà.

2. Gígé fún ìtumọ̀

Níbí, méjì ni Abẹ́òkúta: abẹ́ + òkúta. Dagenham tiwa níbí náà, méjì ni: Dæcca, orúkọ ọkùnrin kan, àti "ham", ìyẹn ilé tàbí abúlé ní Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́.

Ẹ wo "disagreement". Fún ẹnu, mẹ́rin ni: dis-a-gree-ment. Fún ìtumọ̀, mẹ́ta ni: dis + agree + ment. "Agree" ni gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ohùn ṣọ̀kan. "Dis" ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí "àì" ń ṣe nínú "àìgbọ́ràn" ló ń ṣe. "Ment" ni àfòmọ́ ìparí. Òun ló sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ kó wọn jọ, ó di àìfohùnṣọ̀kan. Ṣé ẹ rí i?

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. "Un" inú "unkind" dà bí "àì". Ti inú "uncle" kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ "un" kúrò lára "uncle", kí ló kù? "Cle" kò nítumọ̀. Bí èyí tó kù kò bá nítumọ̀, ẹ má gé e.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ gé "management", "unkindness" àti "reappearance" lọ́nà méjèèjì. Nínú ọ̀kan ṣoṣo ni ọ̀nà méjèèjì ti bára mu, èwo ni? Lẹ́yìn náà, kí oníkálukú gé orúkọ Yorùbá tirẹ̀, kó sì bi àwọn òbí rẹ̀ bóyá ó gé e re.