Ajá kékeré inú ilé yín, ta ló ń ṣọ́ ọ?

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa àwọn kan lẹ́rìn-ín. Wọ́n lè ní ta ló ń sọ̀rọ̀ ajá nígbà tí owó ìrẹsì ò dúró sójú kan. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti jí ajá rẹ̀ gbé rí, tó sì rí bí ọmọ ṣe fi ẹkún mọ́jú, kò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Terminus, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ló wá bá wa ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n ti gbé Bingo lọ!” A kọ́kọ́ rò pé ọmọ ni. Àṣé ajá ni, ajá kékeré funfun onírun gígùn tí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Abuja fi ta ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ nígbà tó wọ ilé ìwé girama. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣí géètì kí mọ́tò lè wọlé, ajá sì yọ́ jáde bó ṣe máa ń ṣe. Kí wọ́n tó ti géètì tán, kò sí Bingo mọ́. Ọmọ náà kò jẹun alẹ́, kò sì fẹ́ lọ sí ilé ìwé ní ọjọ́ kejì.

A bi í pé ta ló fura sí. Ó ní kí la tún ń bi òun sí, ṣé a kò mọ obìnrin tó ń ta 404 ní ìkángun àdúgbò àwọn ni? Ó ní àwọn ọmọkùnrin kan ti lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà obìnrin náà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, díẹ̀ ló kù kí wọ́n da ìkòkò rẹ̀ nù. Ibẹ̀ ni àyà wa ti já.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Jos ní September 2001 kò nílò kí a sọ fún un bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di iná. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ilẹ̀ yìí ń jẹ ajá láti ayébáyé, wọn kò sì fi pamọ́. Àwọn ọjà kan wà ní ìpínlẹ̀ yìí tí wọ́n ti ń ta ajá bí ẹni ń ta ewúrẹ́. Ní Calabar náà wọ́n ń jẹ ẹ́, orúkọ mọ́tò Peugeot ayé àtijọ́ ni wọ́n sì fi ń dá a pè níbẹ̀ àti níbí. Àwa Yorùbá gan-an ńkọ́? Ta ni kò mọ̀ pé ajá ni oúnjẹ Ògún? Ẹ bi ará Oǹdó léèrè ohun tí wọ́n fi ń bọ Ògún níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń jẹ ẹran tí òun kò jẹ kó wá pè é lólè.

Yàtọ̀ sí èyí, ìrònú ìyá oníṣòwò yìí kò gún. Irú ajá tí wọ́n gbé ní ilé rẹ̀ ni Lhasa Apso, tí àwa ń pè ní Lhasa lásán. Ilẹ̀ Tibet ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń lò ó bí aṣọ́lé nínú ilé àti nínú ilé àwọn mọ́ńkì. Orúkọ olú ìlú ibẹ̀ ló ń jẹ́. Òtútù Jos kò lè mú un, torí irun rẹ̀ dì. Ṣùgbọ́n gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 11 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju kílò 6 sí 8. Ẹ bọ́ gbogbo irun yẹn kúrò, ẹran wo ló kù tí ẹnìkan fẹ́ sè? Owó tí wọ́n ń ta Lhasa láàyè ju owó ẹran inú ìkòkò lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, bó bá sì jẹ́ abo tó lè bímọ, ó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olè mọ ìṣirò yìí ju àwa tí a ni ajá lọ. Ajá ńlá ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri ní ìta ni olè ìkòkò ń wá. Ẹni tó gbé Lhasa, ọjà ló fẹ́ tà.

Ohun tó mú kí ajá kékeré rọrùn fún olè ni ohun náà tó mú ká fẹ́ràn rẹ̀. Kò wúwo, ó ń wọ inú báàgì ilé ìwé. Kì í bu èèyàn jẹ lọ títí, ẹni tó bá fọwọ́ pa á lórí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olè kò nílò ju ẹran díbọ̀ lọ, tàbí búrẹ́dì tó fi oògùn oorun sí. Kẹ̀kẹ́ ti ń dúró de ọ̀gbẹ́ni, ó di gbére. Nígbà míì, kò nílò ẹran rárá, orúkọ ajá ló máa pè. Kí a sọ òótọ́, bí ẹ bá dúró sí ojú títì ní ìlú yìí tí ẹ pariwo “Bingo!”, mélòó ni kò ní sáré wá? Àwọn bàbá wa tó ń fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò gbọ́n jù wá lọ. Olè wo ló máa dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí á máa pe ajá ní gbólóhùn kan gbáko?

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan nirú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní February 2021, ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọkùnrin kan da ọkùnrin tó ń mú ajá olórin Lady Gaga rìn lọ́nà, wọ́n yìnbọn fún un ní àyà, wọ́n sì gbé ajá kékeré méjì lọ. Ọlọ́run ló yọ ọkùnrin náà. Àwọn ọlọ́pàá sọ pé àwọn olè náà kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni àwọn ajá náà, irú ajá tí wọ́n jẹ́ ni wọ́n rí tí wọ́n fi mọ̀ pé owó ni. Olórin náà ní òun máa fún ẹni tó bá dá wọn padà ní dọ́là 500,000. Obìnrin kan dá wọn padà lóòótọ́, àfi bí wọ́n ṣe wá rí i pé òun náà mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹjọ́ ló gbà dípò owó. Ẹni tó yìnbọn gba ẹ̀wọ̀n ọdún 21 ní 2022.

Ní ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú yín ti ní ọmọ àti àbúrò, ajá jíjí pọ̀ débi tí wọ́n fi ṣe òfin fún un lọ́tọ̀ ní 2024, pé ẹni tó bá jí ajá tàbí ológbò onílé ní England tàbí Northern Ireland lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹni jí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Láti 2016 sì ni ó ti di dandan ní England kí ajá ní microchip lára. Nǹkan kékeré tí kò ju wóró ìrẹsì lọ ni, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ sí abẹ́ awọ láàárín èjìká ajá, nọ́ńbà 15 ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ń sọ ibi tí ajá wà bíi ti fóònù. Rárá o. Kò ní bátìrì, kì í sì í sọ̀rọ̀ títí ẹnìkan yóò fi gbé ẹ̀rọ tó ń ka nọ́ńbà sún mọ́ ọn. Ohun tó wúlò fún ni pé bí ajá bá dé iwájú dókítà tàbí ọlọ́pàá, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ẹni tó ni í. Kì í ṣe gbogbo dókítà ẹranko ló ní in lọ́wọ́ ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi í sí ara ajá, kó rí i pé wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù òun mọ́ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfìfo ni.

Ẹni tí kò rówó ìyẹn, fọ́tò kò gbówó. Kí ẹ ya ajá yín níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ibi tó bá ti ní àpá tàbí àwọ̀ tó yàtọ̀. Kí ẹ tún ya èyí tí ẹ̀yin àti ajá jọ wà pọ̀. Ẹ tọ́jú risíìtì bí ẹ bá rà á, ẹ sì tọ́jú ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ìwé kékeré yìí, tí a máa ń sọ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ ní tèṣàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni nǹkan méjì ló ń ṣe: Vom tó wà nítòsí wa níhìn-ín, níbi tí wọ́n dá ibùdó ìwádìí ẹranko sílẹ̀ láti 1924, ń ṣe oògùn àjẹsára dìgbòlugi fún ajá. Kò yẹ kí ajá kankan ní Jos wà láìgba a lọ́dọọdún.

Ọ̀rọ̀ dìgbòlugi yìí wọ inú ọ̀rọ̀ olè ajá ju bí ẹ ti rò lọ. Olè kì í bèèrè bóyá ajá gba abẹ́rẹ́. Ó ń kó èyí tó gbà pọ̀ mọ́ èyí tí kò gbà sínú àpò kan náà, wọ́n á máa bu ara wọn jẹ, á kó wọn láti ìjọba ìbílẹ̀ kan dé òmíràn. Ẹni tó rà á, ẹni tó pa á, ọmọ tó bá a ṣeré, gbogbo wọn ló wà nínú ewu. Bí ajá bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àìsàn náà bá ti fojú hàn, kò sí oògùn tó ń wò ó.

Nínú ilé, géètì ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ìgbà tí mọ́tò bá ń wọlé tàbí tó ń jáde ni ajá ń sọnù jù, nítorí náà kí ẹnìkan di ajá mú kí ẹlòmíràn tó ṣí i. Ẹ má so ó mọ́ iwájú ilé níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ti ń rí i. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, inú ilé ni kó sùn. Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn bí ẹ bá fẹ́ mú un rìn, kí ẹ sì máa yí àkókò padà. Kí ọmọ má dá mú un lọ ra súgà, torí olè tí kò bẹ̀rù àgbà kò ní bẹ̀rù ọmọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó bímọ, ẹ jẹ́ kí dókítà tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá tàbí kó gé ilé ọmọ rẹ̀. Akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá kì í fi bẹ́ẹ̀ wá abo kiri ìta, ẹni tó ń wá ajá tí yóò máa bímọ tà kò sì ní rí èrè lára rẹ̀. Ní December, kí ẹ ṣọ́ra ní ìlọ́po méjì.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Fọ́tò ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp àdúgbò, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́ṣáláṣí, ti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ lọ bá àwọn onikẹ̀kẹ́, àwọn dókítà ẹranko, àti àwọn tó ń ta ọmọ ajá. Ẹ lọ sí tèṣàn kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ rán wọn létí pé lábẹ́ òfin, ẹran ọ̀sìn tó ní olówó jẹ́ ohun tí èèyàn lè jí, ẹni tó bá sì rà á pẹ̀lú ìmọ̀ pé olè ni, ó ti rú òfin. Bí ẹnìkan bá pè pé ajá wà lọ́wọ́ òun, kí ẹ kọ́kọ́ sanwó sínú àkáǹtì, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ẹ ní kó ya fọ́tò ajá náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ajá kankan rí, fọ́tò tí ẹ fi síta ni wọ́n rí. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ má dá lọ, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá mọ̀.

Ohun tí a sọ fún ìyá oníṣòwò nìyẹn. Ó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń kùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin kan pè é láti Bukuru, ọmọ Berom ni. Ó ní ìyàwó òun ra ajá kan ní ₦15,000, òun sì rí fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù ẹnìkan tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó ọkùnrin náà ti ń ṣe kàyéfì bí Lhasa ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Ta ni wọ́n sọ pé ó tà á? Ọmọkùnrin tó ń pọn omi fún ilé ìyá oníṣòwò ni, ẹni tí Bingo fúnra rẹ̀ máa ń sáré lọ pàdé ní géètì, tó sì wà lára àwọn tó dúró sí ẹnu ọ̀nà obìnrin alájàá lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó ń pariwo jù.

Ìyá oníṣòwò mú aṣọ Ànkárá ọ̀pá mẹ́fà lọ bẹ obìnrin náà. Ó sọ fún wa pé obìnrin náà gba aṣọ, ṣùgbọ́n kò ní kí òun jókòó. Ìgbà kejì tó lọ ni wọ́n fún un ní ìjókòó.

Ọmọ náà ti padà sí ilé ìwé. Wọ́n ti fi microchip sí ara ajá, wọ́n sì ti pinnu láti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Olèmádàámi. Títí di ọjọ́ tí a ń kọ èyí, Bingo nìkan ló ń dáhùn.