Helen Czerski, Onímọ̀ Tó Ń Wádìí Ìhó Omi Òkun

Helen Czerski, tí wọ́n bí ní ọdún 1978, jẹ́ onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yunifásítì Cambridge ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí àwọn ohun tó ń bú gbàmù, tí kámẹ́rà ayára-bí-àṣá nìkan lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nígbà tó ń wá ibòmíràn tí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ yóò ti wúlò, ìhó omi ló bá pàdé. Ó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kó tó padà sílé, níbi tó ti di olùkọ́ ní University College London.

Bí ìgbì bá ru sókè tó sì wó, á gbé afẹ́fẹ́ mì, afẹ́fẹ́ náà á sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi, á di ìhó. Èyí tó lọ sísàlẹ̀ ń kó ọ́síjìn àti kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì wọnú òkun. Bí òkun ṣe ń mí nìyẹn. Èyí tó gòkè padà á bẹ́, á ta ẹ̀kán omi oníyọ̀ sínú afẹ́fẹ́, iyọ̀ yìí sì wà lára ohun tí ìkùukùu ń dì mọ́. Òkun ló ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì tí èèyàn ń tú jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìhó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Àárín ìjì ni ìhó ti ń pọ̀ jù, ibẹ̀ náà ni Czerski ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ. Kámẹ́rà ló fi ń ka ìhó, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ràn lábẹ́ omi sì ń gbọ́ ohùn wọn: ohùn ìhó kékeré máa ń lọ sókè, ti ńlá a máa lọ sílẹ̀.

Kò fi ìmọ̀ yìí pa mọ́ sáàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ti ṣe ọ̀pọ̀ ètò lórí tẹlifíṣọ̀n BBC. Nínú ìwé rẹ̀, Storm in a Teacup, tó jáde ní 2016, gúgúrú ló fi ṣàlàyé agbára gáàsì: omi inú àgbàdo á gbóná di gáàsì, á sì ti èèpo títí yóò fi bẹ́. Ní 2018, Institute of Physics fún un ní àmì ẹ̀yẹ Kelvin. Blue Machine, ìwé rẹ̀ ti 2023, ṣàlàyé òkun bí ẹ́ńjìnnì ńlá tí oòrùn ń gbé ṣiṣẹ́.

Olùkọ́ tó bá fẹ́ kí físíìsì yé ọmọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé ìdáná. Ọ̀nà tí Czerski ń tọ̀ nìyẹn, ó sì ń so èso.