Àdàkọ Àgékù àti Àdàkọ Ìlérí: Orúkọ fún Ọ̀nà tí A Fi Ń Dín Ìtàn Ètò Kọ̀ǹpútà Kù

Ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn lójú ni "dín kù", ṣùgbọ́n nínú ìtumọ̀ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ó lè ṣi olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Bí ìwé ìtọ́nisọ́nà bá wí pé a lè dín ìtàn ètò ńlá kan kù kí a tó gbà á sórí ẹ̀rọ, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó lè máa tọ́ka sí. Ọ̀kan kò pàdánù ohunkóhun. Èkejì ń gé nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ń dá nǹkan dúró di ìgbà tí a bá nílò rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀.

Git ni àpẹẹrẹ tí ó yẹ jù lọ. Linus Torvalds ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2005 láti fi tọ́jú Linux, ètò tí ó ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà. Nínú Git, olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní àká tirẹ̀, ìyẹn ibi tí a ń tọ́jú fáìlì pẹ̀lú gbogbo ìtàn rẹ̀. Nígbàkígbà tí ó bá ṣe ìfipamọ́, Git yóò kọ bí gbogbo fáìlì ti rí ní àkókò náà sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ òṣìṣẹ́, ọjọ́, ìdí àtúnṣe, àti àmì ìdánimọ̀ ìfipamọ́ tí ó ṣáájú. Báyìí ni ìfipamọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe di ọwọ́ èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣe àdàkọ àká Linux ní kíkún yóò gbé ìfipamọ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan. Ohun tí a ti parẹ́ pàápàá wà níbẹ̀: bí ẹnì kan bá ṣèèṣì kó àwòrán ńlá sínú àká lónìí, tí ó sì yọ ọ́ lọ́la, ó ti wọ inú ìtàn, gbogbo ẹni tí ó bá ṣe àdàkọ ni yóò sì gbé e. Ẹni tí ó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ọ̀nà kìíní ni ìdì. Dípò kí Git tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kọ̀ọ̀kan lódindi, yóò tọ́jú ọ̀kan, yóò sì kọ kìkì ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rẹ̀ àti àwọn tí ó jọ ọ́. Ohun gbogbo ṣì wà nínú ìdì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi bá a mu, nítorí pé igi tí a dì kò dín ní iye. Git kò tí ì ní ìdì nígbà tí Torvalds ṣe ìfipamọ́ àkọ́kọ́ ti Linux. Ó kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé òun kò kó ìtàn àtẹ̀yìnwá wọlé, nítorí pé yóò tó gígábáìtì 3.2. Ìdí nìyí tí ìtàn Linux nínú àká náà fi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀dà 2.6.12-rc2.

Ọ̀nà kejì ni àdàkọ àgékù. Bí a bá fi --depth 1 kún àṣẹ, ìfipamọ́ tí ó kẹ́yìn nìkan ni yóò wá. Àwọn kan lè fẹ́ "àdàkọ oréfèé", ṣùgbọ́n oréfèé ń bu ẹnu àtẹ́ lu nǹkan, ó sì lè mú kí a rò pé àwọn fáìlì kò pé. Àwọn fáìlì pé; ìtàn ni a gé. Ewu rẹ̀ wà níhìn-ín: bí akẹ́kọ̀ọ́ bá bi Git léèrè ẹni tí ó kọ ìlà kan, gbogbo ìlà ni yóò kà sí iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe ìfipamọ́ kan ṣoṣo yẹn, ìbá à jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ọ̀nà kẹta ni ó nira jù láti sọ lórúkọ. Láti ọdún 2018 ni Git ti gba àṣẹ --filter=blob:none. Gbogbo ìfipamọ́ ni yóò wá, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ; ohun tí ó wà nínú àwọn fáìlì àtijọ́ ni yóò dúró sí àká tí a ti ṣe àdàkọ, títí a ó fi béèrè rẹ̀. Microsoft ti lo èrò tí ó jọ èyí ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n kó Windows sínú Git: fáìlì bíi mílíọ̀nù 3.5, tí ó tó gígábáìtì 300. "Àdàkọ àìpé" kò tó láti ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára àgékù. "Àdàkọ àwìn" dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àwìn ti gbé ọjà lọ, owó ni ó kù. Níhìn-ín, ọjà gan-an ni kò tí ì dé. Git fúnra rẹ̀ ka àká tí ohun náà ń bẹ lọ́dọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí ó ṣe ìlérí. Nítorí náà "àdàkọ ìlérí" ni ó tọ́, ó sì ń kìlọ̀ pẹ̀lú: bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já, ìlérí kò lè ṣẹ, ẹni tí ó fẹ́ wo fáìlì àtijọ́ yóò sì dúró.

Fún ẹ̀rọ tí ó kàn fẹ́ kọ́ ètò jọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì da àdàkọ náà nù, àgékù ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò ka ìtàn ètò ni ìlérí yẹ fún. Bí ó bá sì ti ṣe àgékù tẹ́lẹ̀, àṣẹ git fetch --unshallow yóò kó ìyókù wá fún un, pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀n rẹ̀.