Èrò Ọkàn Ẹ̀dá-Ìtàn Aláwàdà: Bàbá Sàlá nínú Ọ̀run Móoru

Nínú àwàdà, ẹ̀dá-ìtàn tí a fi ń ṣe ẹlẹ́yà kì í sábà rí àyè sọ èrò ọkàn rẹ̀. Irú rẹ̀ ni Bàbá Sàlá tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ (1936–2018) gbé kalẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn: táì gbàǹgbà àti jígí ojú rẹ̀ ti pa wá lẹ́rìn-ín kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù Ọ̀run Móoru (1982), lẹ́yìn tí àwọn gbájúẹ̀ lù ú ní jìbìtì, ó fẹ́ pa ara rẹ̀. A ṣì ń rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí olùkọ́ ti dá fíìmù náà dúró, kí ó bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ohun tí ọkùnrin yìí ń rò. Àwọn tó ṣe àdàkọ fíìmù náà láìgba àṣẹ sì kó Ọláìyá fúnra rẹ̀ sí gbèsè.