Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Àdúgbò Ṣe Ń Sọ Ènìyàn Di Nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1951, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ti parí, tí àwọn ọmọ ogun ti padà sílé, tí igbe ọmọ tuntun ń sọ ní ilé gbogbo, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣùgbọ́n tí ọwọ́ tí yóò tọ́jú àwọn aláìsàn inú wọn kò tó, obìnrin kan tí ń jẹ́ Mildred Montag, ẹni tí ó ti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní Teachers College ti Yunifásítì Columbia ní New York, gbé ìwé kan jáde tí ọ̀pọ̀ àgbà inú iṣẹ́ náà gbọ́ tí wọ́n sì ń mi orí: ó ní kí a mú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kúrò lábẹ́ òrùlé ilé ìwòsàn, níbi tí ọmọbìnrin ti ń sin ọdún 3 bí ìwọ̀fà kí wọ́n tó gbà pé ó mọṣẹ́, kí a sì gbé e lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò, kí ó di ẹ̀kọ́ ọdún 2.

Ní ọdún 1952, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán àbá náà wò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì 7, nígbà tí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ sì bá àwọn ọlọ́dún 3 jókòó sí ìdánwò ìjọba, wọn kò gbẹ́yìn. Èyí tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé Montag fúnra rẹ̀ kò gbèrò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí yóò bá àgbà nọ́ọ̀sì dọ́gba. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni ó fẹ́ kí wọ́n jẹ́, tí yóò máa ṣe ohun tí ọ̀gá bá là kalẹ̀. Òfin kò bá a pín in bẹ́ẹ̀. Ìdánwò kan náà ni, nítorí náà ìwé àṣẹ kan náà ni, oyè kan náà ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní RN. Bí ẹ bá rí nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n dúró ti ibùsùn kan ní Houston tàbí Baltimore lónìí, tí ọ̀kan ti yunifásítì jáde lẹ́yìn ọdún 4 tí èkejì sì gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wá, àṣẹ tí òfin fi lé wọn lọ́wọ́ lórí aláìsàn náà kò fi ìka kan ju ara wọn lọ.

Kí ni à ń pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò? Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni, tí a kọ́ sí ẹ̀bá àwọn ará ìlú kí wọ́n lè ti ilé wá kí wọ́n sì padà sílé, tí kì í bèèrè pé ta ni bàbá rẹ. Joliet ní Illinois, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1901, ni àgbà wọn; lónìí wọ́n tó bíi 1,000. Owó ẹ̀kọ́ níbẹ̀ fún ọmọ àdúgbò jẹ́ bíi 4,000 dọ́là lọ́dún, nígbà tí ti yunifásítì ìjọba ju 11,000 lọ, ẹni tí ó bá sì ní green card, tí agbára rẹ̀ kò gbé e, lè rí owó Pell gbà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, owó tí a kì í san padà.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó wà lójú ọ̀nà yìí kò ti ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀. Láti ibi iṣẹ́ CNA ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ẹni tí ń wẹ arúgbó, tí ń yí aláìsàn padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà di egbò, tí òfin ìjọba àpapọ̀ kò sì bèèrè ju ẹ̀kọ́ wákàtí 75 lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń bèèrè ju bẹ́ẹ̀. Mo mọ ẹni tí ó ti gboyè nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé nílé kí ó tó wá máa gbé póò ní Maryland. Bí wọ́n bá sì bi í léèrè nílé pé iṣẹ́ wo ni ó ń ṣe, á ní iṣẹ́ ìlera ni, á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Láti iṣẹ́ CNA yìí ni ènìyàn yóò ti lọ ṣe ẹ̀kọ́ bíi ọdún kan di LPN, tí Texas àti California ń pè ní LVN, nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ ṣùgbọ́n tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ RN. Nígbà tí ó bá sì ti ń rí owó iṣẹ́ LPN gbà, yóò wá gba ẹ̀kọ́ afárá, tí wọ́n ń pè ní bridge, bọ́ sí ipò RN. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 2023, ẹni tí ó wà láàárín nínú àwọn CNA ń gba bíi 38,000 dọ́là lọ́dún. Ti LPN kù díẹ̀ kí ó pé 60,000. Ti RN lé ní 86,000. Ẹni tí ó bá rò pé àtẹ̀gùn náà kò tọ́ sí ọlá, kí ó ka iye owó yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ẹnu ọ̀nà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gba gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹ̀ka nọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kò gba gbogbo ayé. Kí ènìyàn tó kọ̀wé béèrè àyè, yóò ti ka ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti kòkòrò àrùn, àti ìṣirò, pẹ̀lú máàkì tí ó ga. Yóò ti jókòó sí ìdánwò ìwọlé bí TEAS. Nítorí náà ni ọdún 2 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ fi máa ń di 3 tàbí 4. Àyè kò tó nítorí pé olùkọ́ kò tó: nọ́ọ̀sì tí ó kàwé débi tí ó lè kọ́ni mọ̀ pé owó ilé ìwòsàn ju ti kíláàsì lọ, olùkọ́ kan kò sì lè kó akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ ju bíi 10 lọ wọ wọ́ọ̀dù, nítorí ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi kọ́ṣẹ́ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ni. Ní California, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ti ṣẹ́ kèké rí láàárín àwọn tí ó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí a yọjú wo yàrá ìdánrawò. Ọmọláńgidi rọ́bà kan wà lórí ibùsùn, ó la ẹnu sílẹ̀, olùkọ́ sì ká apá mọ́ àyà lẹ́bàá ògiri. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ní ìdọ̀tí kan lára. Etí ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí a ṣẹ́ padà, tí í ṣe inú rẹ̀, ni ọwọ́ lásán lè kàn. Bí àtàǹpàkò bá ṣèèṣì fara kan ẹ̀yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pariwo. Olùkọ́ á kàn na ìbọ̀wọ́ mìíràn sí i, á ní kí ó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìṣirò oògùn: dókítà ní kí omi 1,000 mílílítà wọ ara aláìsàn fún wákàtí 8, ọ̀pá tí ó wà nílẹ̀ sì ń kán ẹ̀kán 15 kí mílílítà kan tó pé, ẹ̀kán mélòó ni yóò máa kán ní ìṣẹ́jú kan? 31 ni. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, ẹni tí kò bá gba 90 nínú 100 nínú irú ìṣirò yìí kò ní fẹsẹ̀ kan wọ́ọ̀dù, bí ó ti wù kí ẹnu rẹ̀ dùn tó.

Ìdánwò ìkẹyìn tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ, NCLEX, ti di ti kọ̀ǹpútà láti ọdún 1994, ọgbọ́n orí ẹ̀rọ náà sì jọ ti àgbà awo: bí o bá gba ìbéèrè kan, yóò bi ọ́ ní èyí tí ó le jù, bí o bá ṣì í, yóò dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó kéré tán, yóò bèèrè 85; kò sì ní bèèrè ju 150 lọ láàárín wákàtí 5. Nígbàkígbà tí ó bá ti dá a lójú lẹ́yìn 85 pé o tó tàbí o kò tó, yóò kú pii. Kò ní sọ fún ọ èwo ni. Àwọn kan ti jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí kan lẹ́yìn rẹ̀, tí wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n dúpẹ́ tàbí kí wọ́n sunkún.

Níbi tí ọ̀nà bá ti gùn báyìí, àbùjá kò ní ṣàì sí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fi ẹ̀sùn kan ènìyàn 25 lórí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ayédèrú tí ó lé ní 7,600, tí wọ́n tà láti ilé ẹ̀kọ́ 3 ní gúúsù Florida. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, orúkọ ìyá wa Olóyè Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt ni ó sọ sí mi lọ́kàn, obìnrin tí ó ti Èkó lọ sí London ní 1946, tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas' Hospital, tí ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ matron ní UCH, Ìbàdàn. Kò-fi-owó-ra-ọlá: orúkọ náà ti sọ ohun tí ó yẹ kí a sọ. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀, kí ó lọ wò ó lórí àkọsílẹ̀ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì ìpínlẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà. (Ẹni tí ó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà kò nílò ọ̀nà yìí, àyẹ̀wò ìwé rẹ̀ àti NCLEX ni ó kàn án.)

Ìjà kan ṣì wà tí kò parí, ẹni tí ó bá sì mọ bí HND àti dìgírì ti ń fà á nílé yóò mọ òórùn rẹ̀. Láti 1965 ni ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà ti ń sọ pé dìgírì ni ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ní. North Dakota sọ ọ́ di dandan ní 1987, ó sì fi í sílẹ̀ ní 2003. New York wá ọgbọ́n mìíràn ní 2017: wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n gba dìgírì kí ọdún 10 tó pé. Ti New York ni mo fara mọ́, nítorí pé kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ òru kí ó tó lè kàwé, àwọn ilé ìwòsàn púpọ̀ sì ń bá òṣìṣẹ́ wọn san nínú owó ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi pín-ìnnì há àwọn tí ó parí láyà, àwọn ẹbí á ti wọ aṣọ ẹbí dé, wọn á sì lẹ dọ́là mọ́ wọn níwájú orí. Ìdánwò yóò wá tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó bá yege, ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn yóò pè é pé kí ó ya fọ́tò ìwé àṣẹ náà ránṣẹ́, kí òun lè fi há ògiri pálọ̀, yóò sì di dandan kí ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kì í tẹ̀ ẹ́ sórí bébà mọ́, orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Màmá á dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, á sì bèèrè bóyá a lè tẹ íntánẹ́ẹ̀tì náà jáde.