Tíímù Bọ́ọ̀lù Àdúgbò: Iṣẹ́ Wo Ni Ti Òbí Níbẹ̀?

Láàárọ̀ Sátidé, ó ṣòro kí ẹ kọjá níwájú pápá ilé-ìwé kan ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó kí ẹ má bá àwọn ọmọ tó wọ bíbù, tí wọ́n ń sáré yí kóònù po, tí kóòṣì sì ń fọn fèrè lé wọn lórí. Ẹni tí ẹ ò ní rí níbẹ̀ ni òbí. Ìyá wà lọ́jà, bàbá wà lóde àríyá tàbí lórí bẹ́ẹ̀dì. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ìròyìn jáde pé òyìnbó kan ń bọ̀ wá wo àwọn ọmọ. Bàbá tí kò mọ orúkọ kóòṣì tẹ́lẹ̀ á ti débẹ̀ ṣáájú olùṣọ́ ilé-ìwé, á sì ti máa béèrè pé èló ni wọ́n máa ra ọmọ òun.

Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Iṣẹ́ tí tíímù ń retí lọ́wọ́ ẹbí ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ́kọ́ wọ bùútù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì gba owó.

Bí tíímù ṣe ń rìn

Tíímù àdúgbò kì í sábà ní ọ́fíìsì. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dá a sílẹ̀: ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí tí orúnkún ò jẹ́ kó lè gbá a mọ́, tàbí tíṣà tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ju oúnjẹ lọ. Òun ni kóòṣì, òun ni akọ̀wé, òun ni akápò, òun náà ló ń kó jẹ́sì lọ fọ̀. Pápá kì í ṣe tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ilé-ìwé ìjọba tí ọ̀gá ilé-ìwé yọ̀ǹda, ó sì lè jẹ́ pápá gbogbo àdúgbò, bíi Campos ní Erékùṣù Èkó, tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan lára àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà wálé, tàbí Maracana ní Ajégúnlẹ̀, tí wọ́n fi orúkọ pápá ńlá tó wà ní Rio de Janeiro sọ. Ajégúnlẹ̀ yẹn ni Odion Ighalo ti dàgbà kó tó di ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Watford àti Manchester United.

Ọjọ́ orí ni wọ́n fi ń pín àwọn ọmọ: àwọn tí kò tíì pé ọdún 10, àwọn tí kò tíì pé 13, 15, 17. Wọ́n á sáré, wọ́n á na ara, wọ́n á máa pààsì fún ara wọn, lẹ́yìn náà kóòṣì á pín wọn sí sẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì gbá mọ́ńkí póòsì títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìdíje máa ń pọ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé, torí ìgbà yẹn ni káńsẹ́lọ̀ tàbí ọmọ àdúgbò tó rí ṣe máa ń gbé ife sílẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ ìdíje kan dáadáa kí ẹ lè rí ibi tí owó ń gbà lọ. Kóòṣì á háyà dáńfó tó máa kó àwọn ọmọ lọ, tó máa kó wọn bọ̀. Á san owó ìforúkọsílẹ̀, á dá sí owó réfírì. Á ra omi inú ọ̀rá ní báàgì, á ra yìnyín, á ra pílásítà, á sì ra búrẹ́dì tí wọ́n máa jẹ lẹ́yìn eré. Bí wọ́n bá borí, ó di dandan kó tún wá irú owó bẹ́ẹ̀ fún ìpele tó kàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kóòṣì kan kì í fi í rẹ́rìn-ín tán nígbà tí tíímù wọn bá wọ fáìnà.

Owó oṣù tí òbí ń san, tí wọ́n bá tiẹ̀ san án, kì í kájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wẹ́dà tó bá jó òpó gólù tó ti dá pọ̀ ti ṣe ju ẹni tó san owó oṣù mẹ́fà lọ. Télọ̀ lè rán bíbù láti ara àjákù aṣọ. Ìyá tó ní fíríìsà lè fún wọn ní yìnyín lọ́jọ́ Sátidé. Bàbá tó ní bọ́ọ̀sì, tí kì í ná an lọ́jọ́ Àìkú, kí ni kóòṣì tún ń wá? Kí ẹ tó sọ pé ẹ ò lówó, ẹ kọ́kọ́ bi kóòṣì léèrè ohun tó ń da òun láàmù.

Ohun tí ẹbí nìkan mọ̀

Kóòṣì mọ ọmọ tó lè fi ẹsẹ̀ òsì gbá bọ́ọ̀lù. Kò mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, kò mọ èyí tí ikọ́ fée máa ń mú lóru, kò sì mọ̀ pé àbúrò bàbá ọmọ kan dédé ṣubú kú nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ kí wọ́n má bàa yọ ọmọ wọn kúrò. Lójú tèmi, kò sí ohun tí òbí lè ṣe fún tíímù tó burú tó ìyẹn. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lè ṣe eré ìdárayá níwọ̀nba, tí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ máa mu omi lemọ́lemọ́, kó máa sinmi, kó má sì sáré àsápajúdé nínú oòrùn. Kóòṣì tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é, á ní kó tún yí pápá po lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ọmọ tó bá ní ikọ́ fée, inú báàgì tó ń gbé lọ sí pápá ni kí oògùn fífà símú rẹ̀ máa wà, kì í ṣe orí tábìlì nílé, kí kóòṣì sì mọ bó ṣe máa ń lò ó.

Àwọn tó ti gbọ́njú ní 1989 ò lè gbàgbé Sam Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún náà, Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Sùúrùlérè. Okwaraji ṣubú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ó sì kú. Ọmọ ọdún 25 ni. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ tó bá ń dákú lórí pápá, tàbí tí àyà ń dùn nígbà tó bá ń sáré, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Kí wọ́n bu omi tútù lé e lórí kó tún padà sínú eré kì í ṣe ìtọ́jú.

Ohun mìíràn tó wà lọ́wọ́ ẹbí ni ìwé. Ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ NPC, NIN, àti rẹ́kọ́ọ̀dù ilé-ìwé: ọjọ́ ìbí kan náà ló yẹ kó wà lórí gbogbo wọn. Ẹ wo bó ṣe máa ń bàjẹ́. Wọ́n bí ọmọ ní oṣù Kẹta 2010, kò sẹ́ni tó lọ gba ìwé ẹ̀rí. Nígbà tó fẹ́ wọ prámárì, wọ́n kọ 2009 kí wọ́n má bàa ní ó kéré jù. Nígbà tó wọ tíímù, ẹnì kan ní kí wọ́n kọ 2012 kó lè tún bá àwọn tí kò tíì pé 13 gbá sí i. Bàbá lọ búra ní kóòtù. Ọmọ kan ṣoṣo, ọjọ́ ìbí mẹ́ta.

"Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù" la máa ń pè é, a sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ní 2009, nígbà tí Ife Àgbáyé àwọn tí kò tíì ju ọdún 17 lọ wáyé níbí ní Nàìjíríà, FIFA gbé ẹ̀rọ MRI wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Ọrùn ọwọ́ ni ẹ̀rọ náà ń yà. Lára ọmọ tó ṣì ń dàgbà, àlàfo wà ní ìparí eegun níbi tó ti ń gùn sí i. Bí ọmọ bá ti ń di àgbà, àlàfo náà á dí, ó sì ṣọ̀wọ́n kó dí pátápátá kí ènìyàn tó pé ọdún 17. Ẹ̀rọ náà ò mọ ohun tí wọ́n búra ní kóòtù. Ọmọ ni wọ́n á dá padà sílé, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lórí ìwé. Ká tiẹ̀ fi MRI sílẹ̀: ọmọ ọdún 15 tó ń fi ara gbá ọmọ ọdún 12 lè ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀, ìyá ọmọ yẹn náà sì wà nílé tó ń retí rẹ̀.

Ìwé yìí kan náà ló ń mú owó wálé. Bí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn tíímù tó tọ́ ọ láti ọdún 12 sí 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láàárín 12 sí 15 ní ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 lọ sókè ní 0.5. Bí wọ́n bá ta ẹnì kan ní mílíọ̀nù 10 owó Yúróò, tíímù tó wà lọ́dọ̀ wọn fún ọdún kan péré nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13 ní 25,000 Yúróò láti gbà. Ìyẹn lè ra bọ́ọ̀sì, kó tún gbin koríko sí pápá. Ṣùgbọ́n orúkọ tíímù àti ti ọmọ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù. Tíímù tí kò forúkọ sílẹ̀, ìtàn ni yóò máa sọ. Òbí tó bá ń yọ kóòṣì lẹ́nu pé kó lọ forúkọ tíímù sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kóòṣì gan-an ló ń ràn lọ́wọ́.

Níbí náà ni kí n ti sọ ti àwọn gbájúẹ̀. Òfin FIFA ò fàyè gba kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sí tíímù orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi fún àwọn ìdí díẹ̀ kan, bíi kí òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò jẹ mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó físà wá torí pé tíímù kan ní Yúróòpù fẹ́ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ọmọ yín tó jẹ́ ọdún 15, owó yín ló ń wá. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan tó sọ pé ẹnì kan ló "ni" ọmọ, ìbáà jẹ́ kóòṣì tó ń fún un lóúnjẹ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá

Òbí tó bá ti wá tán tún ní iṣẹ́ kan, ìyẹn ni pé kó dákẹ́. Ọmọ gba bọ́ọ̀lù lápá ọ̀tún. Kóòṣì pariwo: "Pààsì!" Bàbá pariwo láti ẹ̀yìn ìlà: "Gbá a sílé!" Ọmọ dúró, ó gbójú sókè wo bàbá rẹ̀, ọmọ tíímù kejì sì ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ pe orúkọ rẹ̀, kó tán síbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yìí le débi pé nígbà tí àjọ FA bẹ̀rẹ̀ ètò Respect ní 2008, wọ́n ní kí wọ́n máa ta okùn tí òbí ò gbọ́dọ̀ kọjá. Wọn kì í sì í gbé èsì ìdíje àwọn ọmọ kéékèèké jáde, kí àgbà má bàa fi ṣe ìjà.

Àwọn ènìyàn wa tó wà ní London mọ ètò mìíràn tó wà níbẹ̀. Kí kóòṣì tó lè kọ́ ọmọ ní tíímù bíi Greenford Celtic, níbi tí Bukayo Saka ti bẹ̀rẹ̀ kó tó lọ sí Arsenal, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, tíímù sì gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ààbò àwọn ọmọ. Nílé, nínú ọ̀pọ̀ tíímù àdúgbò, kò sí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn àfi kí ẹbí ṣe é. Kí àgbà méjì máa wà lórí pápá nígbà gbogbo. Kí ọmọ má sun ilé kóòṣì. Bí tíímù bá ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú mìíràn, kí ìyá tàbí bàbá kan bá wọn wọ bọ́ọ̀sì. Kóòṣì tó mọ́ lọ́wọ́ kò ní bínú sí i. Ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹnì kan á bá òun ka orí àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ìbáwí tún wà. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi ní mátíìsì, ohun àkọ́kọ́ tó ń jáde lẹ́nu wa ni "o ò ní lọ gbá bọ́ọ̀lù mọ́." Àwọn mẹ́wàá tó kù ń retí rẹ̀ ní Sátidé, kóòṣì ò mọ nǹkan kan, tíímù sì wọ pápá láìsí gólí. Ó sàn kí ẹ pe kóòṣì, kí ẹ sọ fún un pé máàkì ọmọ ti lọ sílẹ̀. Kó lọ, kó wọ jẹ́sì, kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí máàkì á fi gòkè. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ ju ẹgba lọ, torí ẹnu kóòṣì tó ẹnu bàbá méjì lórí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni òbí ti ń ṣe agídí jù. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn òbí òun ò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù, ìwé ni wọ́n ń lé, pé ìyá àgbà òun ló dúró ti òun. FC Robo l'Ékòó ló wà kó tó lọ sí Rivers Angels. Ní 2014, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù àti ti ẹni tó gbá gólù wọlé jù ní Ife Àgbáyé àwọn obìnrin tí kò tíì ju ọdún 20 lọ ní Kánádà, ó sì ti di agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n, àǹtí, ìyá àgbà: ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ló lè mú ọmọ lọ sí pápá bí ìyá àti bàbá ò bá ráyè. Bí kò bá sí tíímù obìnrin nítòsí, ọmọbìnrin kékeré lè bá àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tréènì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kóòṣì ibi tí àwọn ọmọbìnrin ti máa ń pààrọ̀ aṣọ, kí ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín, kí ẹ rí i bóyá ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì látinú, kí ẹ tó san owó jẹ́sì.