Ìbéèrè Tí Olórí Kò Fẹ́ Gbọ́

Ilé wa wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí àpáta Olósùnta ti ń wo gbogbo ìlú láti òkè. Inú ilé náà ni mo wà ní alẹ́ ọjọ́ kan tí àbúrò mi obìnrin wọlé tọ̀ mí wá, tó ní òun fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí òun ń lọ sílẹ̀. Ó ní olórí ìjọ àdúrà tí òun ń bá péjọ ti ríran pé òpin ayé kù sí dẹ̀dẹ̀, àti pé àgọ́ kan wà nínú igbó tí àwọn àyànfẹ́ yóò lọ máa gbé. Ó ti ta fóònù rẹ̀, ó sì ti kó owó rẹ̀ fún ìjọ. Ó tó oṣù méjì tí kò ti dé ọ̀dọ̀ ìyá wa ní Emùré, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ kò jìn.

Mo bá a jiyàn títí òru fi jìn. Bí mo bá ka ẹsẹ Bíbélì kan, méjì ni yóò fi dá mi lóhùn. Nígbà tó sùn tán, oorun kò kùn mí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa àwọn ìjọ aṣinilọ́nà, ibẹ̀ ni mo sì ti pàdé ìtàn Jim Jones.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé oore ni ọkùnrin náà fi bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1955 tó dá ìjọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Indianapolis, ní Amẹ́ríkà, funfun àti dúdú kì í jọ jókòó nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn; òun mú kí wọ́n jọ jókòó. Ó bọ́ ẹni tí ebi ń pa, ó tọ́jú arúgbó. Nígbà tí ìjọ náà dé San Francisco, àwọn olóṣèlú ń wá ojúrere rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ènìyàn bíi tiwa, tó ń wá ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ní kó kíni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ó gba owó wọn, ó gba ilé wọn. Ó ń fi ẹ̀yà ara adìyẹ ṣe iṣẹ́ ìyanu èké, pé àrùn jẹjẹrẹ ni òun fà jáde lára aláìsàn. Nígbà tí àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tú àṣírí rẹ̀ ní 1977, ó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí igbó Guyana, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n ń yẹ lẹ́tà wọn wò. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1978, wọ́n yìnbọn pa Leo Ryan, aṣòfin Amẹ́ríkà tó wá ṣèwádìí, bó ti fẹ́ kó àwọn tó ń fẹ́ padà sílé wọ ọkọ̀ òfurufú. Ní ọjọ́ kan náà, Jones pàṣẹ pé kí wọ́n po májèlé mọ́ ohun mímu. Àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fún, àwọn oníbọn sì yí wọn ká. Ènìyàn 918 ló kú lọ́jọ́ náà, ọmọdé inú wọn sì lé ní 300.

Èmi ìbá sọ pé ọ̀ràn òkèèrè ni. Àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2022, àwọn ìwé ìròyìn gbé e pé olùṣọ́-àgùntàn kan kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ láti Kàdúná wá sí àgọ́ kan ní Òmùò-Èkìtì, tó sì ní kí olúkúlùkù san náírà 310,000 kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ọ̀run wọlé. Gúúsù Èkìtì kan náà ni Òmùò wà pẹ̀lú Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré. Ní oṣù keje ọdún náà, ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ilé ìjọsìn kan ní ìlú Oǹdó, 26 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ní àwọn kan ń dúró de ìgbàsókè tí a kọ́kọ́ fi sí oṣù kẹrin, tí a tún sún sí oṣù kẹsàn-án. Ẹnikẹ́ni kò kú ní Òmùò tàbí ní Oǹdó. Ṣùgbọ́n ní Kenya, ní 2023, òkú tí wọ́n hú nínú igbó Shakahola lé ní 400: wọ́n ní a sọ fún wọn pé kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè rí Jésù.

Bí mo ti ń kà á, mo rí i pé ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ewu wọn bá ara mu: ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ ti di ọ̀tá. Nítorí náà, n kò bá àbúrò mi jiyàn mọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo fún un lọ. Bí o bá fẹ́ kúrò lọ́la, ṣé wọn yóò jẹ́ kí o lọ ní àlàáfíà? Ta ló ń rí ìṣirò owó ìjọ? Ta ló lè wo ojú olórí yín, kó sọ fún un pé ó ṣì í? Mo ní kó bi wọ́n, kó má bi mí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló padà dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìjọ, kí n tọrọ àforíjì nítorí pé mo béèrè.” N kò sọ pé ṣebí mo ti wí. Mo mú un lọ sí Emùré. Ìyá wa kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó gbé oúnjẹ ka iwájú rẹ̀, ó sì jókòó tì í.

Ó ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò padà, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ inú ìjọ náà kò sì kí i mọ́. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ilé tuntun ni àyà rẹ̀ ń já wá nígbà tí ìlú dá a lágara, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un ni kò fẹ́ kó jáde mọ́. Bí ẹnì kan nínú ẹbí yín bá wà nírú ibẹ̀, ẹ má bú u, ẹ má sì ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọn. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ilé tí yóò padà sí.